Egbò Tó Jáde Lẹ́yìn Rọpárọsẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Bàbá Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Rọpárọsẹ̀ ló gbé Bàbá dé ọsibítù. Ohun tó fẹ́ẹ̀ mú ẹ̀mí wọn lọ ni egbò tó jáde sí ìdí wọn nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, irú egbò tí fífi ara lé ojú kan náà pẹ́ jù ń fà, tí wọ́n ń kọ́ gbogbo nọ́ọ̀sì bí a ṣe ń dènà rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ ká tọ ipasẹ̀ egbò náà padà, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó dá nìkan wà lóru, àti láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì náà dé ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìdílé náà gbà kí n kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. N kò ní dárúkọ ọsibítù náà. Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú tí ọsibítù wọ́n ní. Láti 1907 ni dókítà George Green, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú aláìsàn níbí. Lónìí, a ní ọsibítù ńlá méjì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, ti Yunifásítì Bowen àti ti Yunifásítì LAUTECH, yàtọ̀ sí ti ìjọba ìpínlẹ̀ àti àìmọye ti aládàáni. Ibi yòówù kí n dárúkọ, ẹni tó bá kà á á rò pé ibẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Àwọn ọmọ Bàbá ló ránṣẹ́ sí mi nígbà tí wọ́n ti gbé wọn délé, tí egbò náà sì ti ń rùn.

Bàbá àti ilé wọn

Ẹni ọdún 81 ni Bàbá. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó dàgbà sí ìdí òwò ní Ghana. Tamale ni wọ́n wà pẹ̀lú bàbá tó bí wọn lọ́mọ, títí tí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá ìwé tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n délé lọ́wọ́ òfo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n bímọ márùn-ún, wọ́n rán gbogbo wọn níwèé. Ìwé tí wọ́n rán wọn náà ló kó wọn kúrò nílé. Ọ̀kan wà ní England, ọ̀kan ní Kánádà, méjì ní Èkó, ọ̀kan ní Àbújá. Nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ, Màmá tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 74, tí orókún kò jẹ́ kí wọ́n lè tètè dìde, ni wọ́n jọ wà, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan tó ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé, àti àwọn ọmọ LAUTECH tó háyà yàrá méjì níwájú.

Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, arúgbó kì í nìkan dùbúlẹ̀ àìsàn nínú agbo ilé. Ìyàwó ilé lè tó mẹ́jọ, wọn á máa gba ọwọ́ ara wọn, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní iṣẹ́. Mi ò sọ pé kí ayé ìgbà yẹn padà wá o. Àwọn ìyàwó ilé yẹn kò sinmi, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bóyá ó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò bá wọn lọ. Ó ṣì wà nílẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò ṣe é.

Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́. Oògùn wọ́n gan-an lẹ́yìn tí náírà já ní 2023, nígbà tí èyí tí wọ́n ń lò tán, wọ́n ní ara àwọn yá, wọn ò rà á mọ́. Àwọn ọmọ ò mọ̀. Bí wọ́n bá pe fóònù, Bàbá á ní "mo wà dáadáa, ẹ mójútó ara yín." Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Màmá bá wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde. Wọ́n kọ́kọ́ pe oníkẹ́míìsì àdúgbò, wọ́n pe pásítọ̀, wọ́n pe Èkó, kí wọ́n tó rí ọkọ̀ dé ọsibítù, ọ̀sán ti pọ́n. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lọ lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti ya àwòrán orí kí wọ́n tó fún èèyàn. Tiwọn ti kọjá ìyẹn, nítorí náà a ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù náà lóru

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n ya àwòrán orí, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ló dì, kì í ṣe pé iṣan bẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ aspirin, wọ́n rọra mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fi omi díẹ̀ dán ọ̀nà ọ̀fun wọn wò kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n jẹun. Ọmọ dókítà tó gbà wọ́n wọlé kò tíì sùn láti òru àná, ọmọkùnrin Bàbá tó wá láti Èkó ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, síbẹ̀ ó jókòó ti ìdílé náà, ó ṣàlàyé fún wọn. Lójú ọpọlọ àti ọkàn, ìtọ́jú náà dára.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni ìdí.

Lójú mọmọ, Màmá àti ọmọ-ọmọ wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ń nù wọ́n, wọ́n ń pààrọ̀ pámpásì, wọ́n ń sáré lọ ra omi àti síríǹjì. Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, gétì á tì, wọ́n á ní kí gbogbo ìbátan aláìsàn jáde. Ẹni tó bá fẹ́ sùn lè sùn sí fàráńdà, kí wọ́n lè rí i pè bí ó bá di pé oògùn kan kò sí. Láti ìgbà náà di àárọ̀, Bàbá fẹ̀yìn lélẹ̀, wọn ò lè yíra padà, wọn ò lè pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́ọ̀dù ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀dì 24. Nọ́ọ̀sì kan àti méèdì kan, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ló ń wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ dé aago mẹ́jọ àárọ̀. Aláìsàn mẹ́sàn-án ni kò lè yí ara rẹ̀ padà lákòókò tí Bàbá wà níbẹ̀: oní-rọpárọsẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lójú ọ̀nà, arúgbó tí eegun ìbàdí rẹ̀ kán. Láti yí ẹnì kan padà dáadáa, ènìyàn méjì ló ń gbé e, bí wọ́n bá sì yẹ pámpásì wò, tí wọ́n tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́, kò lè dín ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni mẹ́sàn-án jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Wákàtí méjì-méjì ni a gbọ́dọ̀ ṣe é, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹfà lóru kan. Ó di wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tí nọ́ọ̀sì àti méèdì kò ní fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Nínú òru kan náà, nọ́ọ̀sì yẹn ló ń pín oògùn aago mẹ́wàá àti ti aago mẹ́fà, òun ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí ẹnì kan lára, òun ló ń gba aláìsàn tuntun wọlé, bí ẹnikẹ́ni bá kú, òun náà ló máa kọ ọ́, tó máa di òkú, tó máa sọ fún ẹbí. Kò sí bó ṣe lè jẹ́ akíkanjú tó tí wákàtí máa fi pọ̀ sí i fún un.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, nọ́ọ̀sì mẹ́ta àti méèdì méjì ló máa ń wà lóru ní irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe òfin pé kí ìbátan jáde ní aago mẹ́jọ, òfin náà sì bọ́gbọ́n mu: a fẹ́ kí aláìsàn sinmi, a ò fẹ́ olè, a ò fẹ́ ẹni tí yóò máa yọ́ fún aláìsàn ní iyán. Àwọn nọ́ọ̀sì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó rọ́pò wọn, òfin náà ṣì lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Mo ti wo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí síwá sẹ́yìn, ibẹ̀ ni mo sì ń padà sí nígbà gbogbo. Wọ́ọ̀dù náà ṣì ń ṣe bí ẹni pé ènìyàn márùn-ún ló wà níbẹ̀ lóru.

Ohun tí Bàbá ń sọ

Láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Bàbá lẹ́nu, àmọ́ Hausa ló kọ́kọ́ dé, èdè tí wọ́n fi ná ọjà ní Tamale nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbọ́ èdè púpọ̀ bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu apá ọpọlọ tó ń darí ọ̀rọ̀. Ìdílé mọ̀ pé Hausa ni, wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. Nọ́ọ̀sì alẹ́ kò mọ̀. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn ń sọ ìsọkúsọ, pé ọkàn rẹ̀ ò pa pọ̀. Òru lẹ́yìn òru ni Bàbá ń kígbe.

Obìnrin kan tó máa ń wá gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, tó ń gbé ní Sábó, ló gbọ́ ọ lójọ́ kan tó tètè dé. Ó ní ìdí ló ń dun bàbá yìí, wọ́n ní ó ń gbóná bí iná. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ wá yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó. Awọ ò tíì bẹ́. Ó ní òun ò rí pupa kankan.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ní arúgbó nílé dúró sí díẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa sọ pé àmì àkọ́kọ́ ni kí ojú ibẹ̀ pọ́n, kí ó má sì funfun bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ara òyìnbó ni wọ́n wò kí wọ́n tó kọ ìyẹn. Lára ènìyàn dúdú bíi tiwa, kò ní pọ́n. Ó lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ díẹ̀, ó lè máa dán, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n ju ojú lọ. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ kan eegun ìdí, kan ìbàdí méjèèjì, kan gìgísẹ̀. Bí ibì kan bá gbóná ju ibòmíràn, tàbí tó le gbagidi, tàbí tó rọ̀ bí nǹkan tó kún fún omi, egbò ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ nìyẹn, ó kàn ń dúró de ọjọ́ tí yóò jáde ni. Bí wọn kò bá tún fi ara lé ibẹ̀ láti wákàtí yẹn lọ, ó lè padà rọ̀. Wọ́n fi ara Bàbá lé e ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò pẹ́ tí awọ fi ṣí.

Mo rí fáìlì náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, nítorí pé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù náà jẹ́ ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ nígbà kan. Nínú ṣáátì yíyí aláìsàn padà, àmì wà ní aago mẹ́wàá, méjìlá, méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, lójoojúmọ́. Bíírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ìlà tó tò gbọọrọ bí ẹni tó jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìdájí. Mi ò ní sọ pé ó dára. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ń ṣe jàm̀bá kejì tí àwọn ènìyàn kì í rò: bí ìwé bá ti sọ pé wọ́n yí gbogbo aláìsàn padà, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń ka ìwé á gbà pé nọ́ọ̀sì kan tó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ẹ̀rí pé wọn ò nílò olùrànlọ́wọ́.

Ibi tí àwọn yòókù lọ

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: wọ́n ti jápa. Mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ ní oṣù kẹrin 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti kúrò ní Nàìjíríà láàrin ọdún márùn-ún sí méje, pé dókítà tó kù kò ju 3.9 lọ fún ènìyàn 10,000, bẹ́ẹ̀ kíkọ́ dókítà kan ń ná wa ju 21,000 dọ́là lọ. Ti nọ́ọ̀sì kò yàtọ̀. Ní oṣù kejì 2024, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pàṣẹ pé kò sẹ́ni tí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè bí kò bá tíì ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì tú jáde ní Àbújá àti Èkó láti fẹ̀hónú hàn. Àjọ ìlera àgbáyé ti kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera wọn le jù ní 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní kí ọsibítù wọn má wá kó òṣìṣẹ́ níbí. Kò sẹ́ni tó wá kó wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ̀wé lóru, lórí fóònù, lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìjọba ní àwọn ti fẹ ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ìlera lójú sí i, láti ààyè 28,000 lọ́dún sí 64,000. Ó dára. Mo kàn ń béèrè ẹni tó máa kọ́ wọn, torí àwọn tó ń kọ́ni náà wà lára àwọn tó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì kọ́ṣẹ́ nínú wọ́ọ̀dù tí ènìyàn kan ń dá ṣe, bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí ṣáátì ní ìdájí ló máa kọ́.

Lápá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbà wọ́n, àwọn arúgbó ló fà á. Ní ìkànìyàn 2021, ènìyàn 18.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní England àti Wales ló ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ò tó láti tọ́jú wọn, bí wọ́n tilẹ̀ tó, iṣẹ́ náà ò wù wọ́n. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n ṣí físà fún ẹni tó bá fẹ́ wá máa tọ́jú arúgbó. Ọmọbìnrin Bàbá tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì gba ọ̀nà yẹn lọ. Nọ́ọ̀sì ni nílùú yìí, àmọ́ ìwé nọ́ọ̀sì tọ̀hún ń pẹ́, ó ní òun á kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé ibẹ̀. Àwọn ìbejì rẹ̀ bá a lọ. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024 ni, wọn ò ní jẹ́ kó mú wọn dání. Ní oṣù keje 2025, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn náà pa mọ́ àwọn tuntun láti òkèèrè.

Ilé ìtọ́jú arúgbó ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní arúgbó kan wà tí òun ń yí padà níbẹ̀, ọkùnrin, rọpárọsẹ̀ náà ló ṣe é, apá ọ̀tún náà ni. Àwọn méjì ni wọ́n máa ń yí i, òfin ni, bí ẹnì kejì bá lọ jẹun wọ́n gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ìdí bàbá yẹn mọ́ tónítóní. "Mọ́mì, mo ń tọ́jú bàbá olóbàbá," ohun tó sọ fún mi nìyẹn lórí fóònù, ó sì sunkún. Mo jẹ́ kó sunkún tán, mo wá ní kó gbé kámẹ́rà rẹ̀ dúró dáadáa, iṣẹ́ wà.

Ní ilé

Wọ́n ti dá Bàbá sílẹ̀ nítorí pé ìfúnpá ti wálẹ̀, àwọn mìíràn sì ń dúró de bẹ́ẹ̀dì. Egbò náà jẹ́ bíi owó ṣílè lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n sọ fún Màmá ni pé kí wọ́n máa yí wọn padà, kí wọ́n padà wá fún àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ìbátan aláìsàn ò mọ ohun tí a ń pè ní "yíyí padà". Màmá rò pé kí wọ́n gbé orí Bàbá sí ibi tí ẹsẹ̀ wà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ọ̀mọ̀wé tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ra róbà olóbìrípo kan pé kí Bàbá máa jókòó lé e, èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní àyíká egbò pa. Wọ́n ń fi róòbù ra eteetí rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ìka mi méjì wọ inú egbò náà dé oríkèé. Ara gbóná fòò, Bàbá ò jẹun mọ́. Àbúrò wọn kan ní ká gbé wọn lọ Ìbàdàn, sí ibi ìtọ́jú àgbàlagbà tó wà ní ọsibítù ńlá UCH láti 2012, nítorí pé ibẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní egbò tó jin báyìí lórí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, nínú gbogbo kòtò yẹn? A padà sí ọsibítù àkọ́kọ́, dókítà gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n fún wa ní oògùn apakòkòrò, a tún gbé wọn padà sílé lọ́jọ́ kejì. Ìwé ìbánigbófò ìlera kankan kò sí lọ́wọ́ Bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àpò àwọn ọmọ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Ọmọ-ọmọ wọn ló di nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 19. Ìyá Ìbejì ń kọ́ ọ lórí fídíò WhatsApp, èmi wà níbẹ̀ tí mò ń tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Aṣọ tí wọ́n fi ń fa arúgbó lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún, a ò ní i, a fi ìró àdìrẹ Màmá kan tó ti gbó, tó sì ti rọ̀ dípò rẹ̀. A ṣẹ́ ẹ po méjì, a tẹ́ ẹ láti èjìká Bàbá dé ìsàlẹ̀ ìdí. Ẹnì kan di eteetí rẹ̀ mú lápá ibí, ọmọ LAUTECH kan láti yàrá iwájú di apá kejì mú, wọ́n ka mẹ́ta, wọ́n fà á papọ̀. Awọ ò ha bẹ́ẹ̀dì rárá. Lẹ́yìn náà, a ki ìrọ̀rí sẹ́yìn Bàbá kí wọ́n lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ péré. Bí èèyàn bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ pátápátá, ìbàdí ló máa gba ìyà tí ìdí ń jẹ. Ìrọ̀rí kejì wà lábẹ́ ojúgun, kí gìgísẹ̀ má kan fóòmù. Àwọn kan ṣì ń rọ omi sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń fi sábẹ́ gìgísẹ̀. Ẹ má ṣe é mọ́, kò wúlò.

Mo kọ aago sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: òsì, ọ̀tún, pẹ̀lú àyè tí ẹni tó ṣe é máa kọ orúkọ rẹ̀ sí. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá sùn gbàgbé, kó fi àyè náà sílẹ̀ lófo. Àyè méjì-mẹ́ta ṣófo ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní aago mẹ́rin ìdájí. Nítorí pé ó ṣófo la fi mọ̀ pé ọmọ yẹn ò lè dá òru ṣe. Àwọn ọmọ tó wà ní Èkó bá dá owó jọ, wọ́n san fún ọmọkùnrin LAUTECH yẹn kó máa gba láti aago méjìlá òru dé mẹ́fà, ó sì ń kàwé rẹ̀ níbẹ̀.

Oúnjẹ náà ṣe pàtàkì. Egbò ò ní jinná lórí ẹ̀kọ mímu nìkan. Ẹyin, ẹja tí a gún, mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Omi lásán ń pa wọ́n lórí, ó fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ògì tó ki ni wọ́n ń mu, lórí ìjókòó, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìpàdé wa pẹ̀lú ọ̀gá wọ́ọ̀dù

Nígbà tí ara Bàbá rọ̀, mo lọ bá ọ̀gá wọ́ọ̀dù náà, kì í ṣe láti bínú. Nǹkan méjì ni mo bẹ̀ ẹ́ fún. Àkọ́kọ́, kí ó jẹ́ kí ìbátan kan dúró ti aláìsàn tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lóru, kí wọ́n sì kọ́ ìbátan náà ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbà wọ́n wọlé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Èkejì, kí nọ́ọ̀sì tí kò bá lè yí aláìsàn kọ ọ́ pé òun kò lè ṣe é, kí ó kọ ìdí rẹ̀.

Ó gba àkọ́kọ́. Ó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀, ó ní àwọn ọ̀gá lókè ló ń bẹ̀rù olè àti àrùn. Ẹ̀rù náà ní ìdí, fóònù ti sọnù ní wọ́ọ̀dù yẹn rí. Ní èkejì, ó mi orí. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Bí ọmọ yẹn bá kọ pé òun ò yí wọn, òun ni wọ́n máa fún ní kúẹ́rì. Wọn ò ní fún ẹni tí kò gba ènìyàn síṣẹ́."

Mi ò rí èsì fún un. Nǹkan kan sì ń dà mí láàmú nínú àkọ́kọ́ tó gbà náà: bí ìbátan bá ti ń ṣe iṣẹ́ náà lófẹ̀ẹ́, tí egbò sì dín kù, ta ló tún máa rántí pé nọ́ọ̀sì méjì ló sọnù níbẹ̀? Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sùn ti aláìsàn, àwọn tí wọn ò lè lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yàn lónìí, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ṣì yàn án. Ìdí ènìyàn ò lè dúró de ìgbà tí ìjọba máa gba nọ́ọ̀sì.

Bó ṣe wà báyìí

Egbò náà ti pa. Awọ ibẹ̀ tín-ín-rín, kò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ láéláé, nítorí náà páálí ṣì wà lára ògiri. Bàbá ń jókòó sórí àga fún wákàtí kan láàárọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń mì díẹ̀, oníṣẹ́ físíò ń wá. Yorùbá ti padà sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń fi bú àwa tí à ń jí wọn lójú oorun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, Ìyá Ìbejì ló ń kà á lórí fídíò lọ́jọ́ Àìkú, hóró kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ-ọmọ wọn ti rí ààyè sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, yóò wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Màmá ò lè fa ìró náà. A ti rí obìnrin opó kan ní àdúgbò tó máa gbà á ṣe fún owó oṣù. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì máa fi bá ọmọ yẹn ṣe é, tòru-tọ̀sán, ká tó fi Bàbá sílẹ̀ fún un.